Ìtẹríba Kọ́ Ló Ń Mú Bàálù Já

Ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, bí ọ̀rọ̀ bàálù bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Forum tàbí ní ìhà Roxy, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dá ẹjọ́, ẹjọ́ náà kì í sì í yí padà: àwa Adúláwọ̀ ń bẹ̀rù àgbà jù. Wọ́n á ní igbákejì awakọ̀ rí i pé ọ̀gá òun ń ṣìnà, ó pa ẹnu mọ́, gbogbo èrò ọkọ̀ sì bá a lọ. Àwọn tó kàwé ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́; àwọn tí kò kàwé ti gbà á lẹ́nu wọn. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fà á, ìkúnlẹ̀ ló fà á, "ẹ" tí à ń pe ẹni tó jù wá lọ ló fà á. Bí a bá fẹ́ kí bàálù wa máa gúnlẹ̀ láyọ̀, wọ́n á ní àfi ká kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa wo àgbà lójú kòrókòró, kí wọ́n sì máa pe orúkọ mọ́ ọn lórí.

Mo lòdì sí èrò yìí tọkàntọkàn. Ó ń bú ìran wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni, irọ́ náà sì léwu, nítorí ó ń jẹ́ kí àwọn tó yẹ kó dáhùn fún òkú wa rìn lọ láìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, ọdún 2000, bàálù Kenya Airways kan, Airbus A310, gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Félix-Houphouët-Boigny ní Port-Bouët. Èkó ló ń lọ, kó tó tẹ̀síwájú sí Nairobi. Ènìyàn 179 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò níṣẹ́ kankan í ṣe ní Abidjan. Láti Nairobi ni bàálù náà ti ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Èkó ló yẹ kó kọ́kọ́ já wọn sí, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo Èkó débi pé bàálù fò ó kọjá wá síbí. Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lé díẹ̀, wọ́n gbéra láti padà sílé. Ìṣẹ́jú-àáyá 33 péré lẹ́yìn náà, bàálù ti wọ inú òkun. Ènìyàn 169 kú, mẹ́wàá ló yè.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fi àwọn òkú yìí ṣe àpẹẹrẹ ìbẹ̀rù àgbà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Côte d'Ivoire kọ sílẹ̀ nípa yàrá awakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Igbákejì awakọ̀ ló ń wa bàálù. Ọ̀gá awakọ̀ jókòó tì í. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn aago iwájú wọn, kó sì máa pe ohun tí ó bá rí síta. Bí ẹsẹ̀ bàálù ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí, fèrè ìkìlọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ohun tí fèrè yẹn ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó gbé ìyẹ́ bàálù ró fẹ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀, pé bàálù ò ní pẹ́ já. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bàálù ń fò dáadáa. Igbákejì awakọ̀ ṣe apá kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ awakọ̀ láti ṣe bí fèrè yẹn bá ké: ó ti imú bàálù sí ìsàlẹ̀. Òkun ni wọ́n kọjú sí, òkùnkùn sì ṣú dùdù, kò sí iná kan níwájú tí ojú lè fi ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Bàálù tí kò tíì gòkè ju nǹkan bí 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn gíga ń ka iye ẹsẹ̀ bàtà tó kù sí wọn létí, iye náà sì ń dín kù. Ẹ̀rọ mìíràn wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pariwo pé ilẹ̀ ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe bàálù náà, fèrè àkọ́kọ́ yẹn láṣẹ lórí rẹ̀. Èyí tó ń purọ́ bo èyí tí ì bá sọ òótọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí omi ti dé ọ̀dọ̀ wọn tán ni ọ̀gá awakọ̀ tó kígbe pé kó gòkè.

Níbo ni ìbẹ̀rù àgbà wà nínú èyí? Ọwọ́ ọmọdé ni ọkọ̀ wà, kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe ohun tó ṣe. Ẹni tó dákẹ́ ni àgbà. Àṣà wo ló pa á lẹ́nu mọ́? Àwa tí a ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà gan-an la gbé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Bó bá jẹ́ àṣà ló jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá awakọ̀ ì bá ti sọ̀rọ̀. Fèrè tó ń han sí wọn létí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́, òkùnkùn òkun ni kò jẹ́ kí wọ́n rí, àti pé nígbà tí méjèèjì pàdé, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lẹ́nu wọn ṣáájú, tí wọ́n ti pè tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú-àáyá 33 láyé kò ráyè wá ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a ti gbà tẹ́lẹ̀, tí a sì ti fi ẹnu wa pè títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu: ohun tó ń gba ẹ̀mí là nínú yàrá awakọ̀ nìyẹn, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bí a ṣe ń kí àgbà. Ẹ wo gbaka, ọkọ̀ èrò tó ń jáde ní ibùdókọ̀ Adjamé. Ọmọ ogún ọdún ló máa ń so mọ́ ilẹ̀kùn, awakọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lálẹ́ ó kó owó fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ tó sì pariwo, awakọ̀ á tẹ búrékì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í béèrè ìdí. Kì í ní ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́. Èrò tó ń bọ̀ sílẹ̀ lè ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí títì, nítorí náà wọ́n ti jọ fẹnu kò pé igbe yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé sí àgbà rárá. Iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ń pe ìdákẹ́ yìí ní àrùn Adúláwọ̀ kì í rántí ibi tí ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọdún 1977, Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ ní Tenerife, erékùṣù ilẹ̀ Sípéènì, ènìyàn 583 sì kú. Títí di òní, kò sí ìjàǹbá bàálù mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀. Kùrukùru bo pápákọ̀. Ọ̀gá awakọ̀ bàálù KLM ti ń sáré láti gbéra nígbà tí ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù kejì, ti Pan Am, ò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Ọmọ Holland ni wọ́n, àwọn tí kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá yẹn ló sì jẹ́ olórí àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ níṣẹ́ ní KLM. Ní ọdún kejì, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ọdún 1978, bàálù United kan ń yí kiri lókè Portland ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bíi wákàtí kan nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣe ségesège, títí epo fi tán pátápátá. Àwọn tó wà pẹ̀lú ọ̀gá awakọ̀ mọ̀ pé epo ń lọ; wọ́n ń fọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, wọn ò sọ ọ́ kó ṣe ṣàkó. Ènìyàn mẹ́wàá kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1982, ní Washington, igbákejì awakọ̀ Air Florida sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ohun tí aago ń kà ò tọ̀nà. Ọ̀gá ní ó tọ̀nà. Yìnyín ti bo bàálù. Ó já sínú odò Potomac, ènìyàn 78 sì bá a lọ.

Ta ni nínú wọn tó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ìdákẹ́ níwájú ọ̀gá kò ní ìran. Níbikíbi tí ènìyàn kan bá ti ní àṣẹ lórí oúnjẹ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ló ń gbé. Òyìnbó alára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Portland, NASA pe àwọn awakọ̀ àti onímọ̀ jọ ní 1979, nígbà tó sì di 1981, United ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ àti bí ọ̀gá yóò ṣe máa gbọ́. Ara wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Báwo ni àrùn tí wọ́n rí lára ara wọn, tí wọ́n wá oògùn sí, ṣe wá di tiwa nìkan?

Nígbà mìíràn pàápàá, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n. Òun ló ń pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1974, bàálù Eastern kan ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Charlotte nínú kùrukùru àárọ̀. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ń tàkúrọ̀sọ lórí òṣèlú àti mọ́tò àlòkù títí wọ́n fi kan ilẹ̀ kí wọ́n tó dé pápákọ̀. Ènìyàn 72 ni ó kú nínú 82. Ibẹ̀ ni òfin ti jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981 pé bí bàálù bá ti wà nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Ohun tí ó wà nínú ìjàǹbá yẹn ni ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń bára wọn ṣeré bí ẹgbẹ́. Bí pípe àgbà lórúkọ bá ń gbani là, àwọn wọ̀nyí ni ì bá yè.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Èkó. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2012, Dana Air láti Abuja. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ̀gá awakọ̀. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní Nàìjíríà sọ pé ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni ẹ́ńjìnnì kan ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wọn ò ka ìwé ìlànà tó wà fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, wọn ò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn jù. Wọ́n ń bọ̀ ní Èkó. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sójú ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì kejì náà dákẹ́, bàálù sì wó lu ilé àwọn ènìyàn ní Ìjù-Ìṣàgá. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, ènìyàn mẹ́fà sì kú lórí ilẹ̀. Ìtẹríba wo la fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀?

Àti Port Harcourt, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 2005. Ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit, 61, ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì nínú bàálù Sosoliso. Ènìyàn 108 ló kú nínú 110. Ìwádìí sọ pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì rí ojú ọ̀nà; nígbà tí wọ́n fi máa pinnu láti gòkè padà, ó ti pẹ́ jù. Àṣìṣe àwọn awakọ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà sọ pé iná pápákọ̀ kò tàn, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà, ó sì sọ pé kọnkéré ojú ọ̀gbàrá tó yọ síta ni bàálù lọ gbá. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dìde láwùjọ wa kó sọ pé iná tí kò tàn ló pa àwọn ọmọ náà. Ìbẹ̀rù àgbà ló rọrùn láti sọ, nítorí kò ní ọ́fíìsì tí a lè lọ kàn lẹ́sẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tí à ń bá jiyàn yóò fà yọ: Douala. Ó yẹ kí wọ́n fà á yọ, nítorí òun ló lágbára jù lọ́wọ́ wọn, ó sì kàn wá ní Abidjan gbọ̀ngbọ̀n. Ibí ni bàálù Kenya Airways mìíràn ti ṣí, ó yà ní Douala, ó sì tún gbéra níbẹ̀ nínú òjò lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, ọdún 2007. Ọ̀gá awakọ̀ rò pé ẹ̀rọ tó ń dá wa bàálù ti gba iṣẹ́. Kò tíì gbà á. Bàálù ń rọra fì sọ́tùn-ún nínú òkùnkùn, ẹnikẹ́ni ò pè é síta títí ó fi pẹ́. Gbogbo àwọn 114 ló kú sínú irà. Ìwádìí ìjọba Cameroon sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́: ọ̀gá awakọ̀ jẹ́ ẹni tó ń jẹ gàba, igbákejì rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí kì í lè sọ tẹnu rẹ̀ jáde.

Ó dára. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìwádìí náà síwájú sí i. Àwọn àléébù ọ̀gá awakọ̀ náà, bó ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, bó ṣe ń pa ìlànà mọ́, bó ṣe ń ṣọ́ àwọn aago iwájú rẹ̀, wọ́n ti wà nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ léraléra. Ẹni tó ń kọ́ ọ rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà wà nínú fáìlì. Ẹnìkan ló wá jókòó sí ọ́fíìsì, tó kọ orúkọ ẹni tó ń jẹ gàba pọ̀ mọ́ ti ẹni tí kì í lè fọhùn, tó sì rán wọn lọ lóru sínú ìjì. Ẹni yẹn kì í ṣe àṣà. Ó ní tábìlì, ó ní bírò, ó ní ọ̀gá tirẹ̀. Bí a bá sọ pé ìtẹríba Adúláwọ̀ ló pa àwọn 114, a ti bá a ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Wọ́n á tún mú Korea wá. Lóòótọ́, Korean Air já léraléra: Guam ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ nínú òjò lóru, Stansted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, níbi tí igbákejì awakọ̀ ti dákẹ́ nígbà tí aago ọ̀gá rẹ̀ ń purọ́. Malcolm Gladwell kọ ìwé kan ní 2008 tó sọ ìtàn náà di ti àṣà ìbọ̀wọ̀fágbà, gbogbo ayé sì gbà á mú. Ṣùgbọ́n láti Stansted títí di ìsinsìnyí, Korean Air kò tún ní ìjàǹbá bàálù tó pa èrò. Ṣé àwọn ará Korea ti ṣíwọ́ títẹríba fún àgbà ni? Wọ́n ṣì ń tẹríba. Ètò ẹ̀kọ́ ló yí padà, bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀gá ló yí padà, bí wọ́n ṣe ń bójú tó iṣẹ́ ló yí padà. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé wá láti fi dá àṣà lẹ́bi ló dá a láre.

Àwa tó ń sọ Yorùbá ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò gba irọ́ yìí gbọ́. Ìlú tó ní Ọ̀yọ́ Mèsì kì í ṣe ìlú tó gbà pé ọba kì í ṣìnà. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún Aláàfin, síbẹ̀ láyé àtijọ́ Baṣọ̀run ní ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ fún un pé ayé kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní àtúnṣe. Ní Kétu, lóru Ẹ̀fẹ̀, akọrin á kó ẹ̀sùn ìjòyè àti olówó jáde lójú gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀wọ̀ àti ìkìlọ̀ jọ ń gbé nílé kan náà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí àwọn baba wa ò fi ìkìlọ̀ sílẹ̀ fún ìgboyà ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yan ẹni tí yóò sọ ọ́, wọ́n yan ìgbà tí yóò sọ ọ́, wọ́n sì fún un ní ààbò. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bàálù tó dára ń ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tí igbákejì gbọ́dọ̀ pè bí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á ní bí ó bá pè é lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀gá ò dáhùn, kó gba ọkọ̀, wọ́n á sì rí i pé ẹni tó gbà á kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Owó ló ń gbà, àti àkókò, àti wákàtí nínú ẹ̀rọ ìfidánrawò. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí kò fẹ́ náwó ti ń fẹ́ràn kí a máa sọ̀rọ̀ àṣà.

Nítorí náà, kí á yé kọ́ àwọn ọmọ wa láti kórìíra ìkúnlẹ̀ nítorí bàálù. Ẹ̀yin ará Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà tó wà ní Adjamé, ẹ̀yin tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Abidjan sí Èkó fún ìyá yín àti fún ara yín, owó yín fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé yín bóyá wọ́n ti fi fèrè onírọ́ dán àwọn awakọ̀ wọn wò, lóru, ní kété tí bàálù gbéra. Ẹ béèrè ẹni tó ń so àwọn awakọ̀ méjì pọ̀, àti bóyá ó ka fáìlì wọn kó tó so wọ́n. Ẹ béèrè ọdún mélòó tí igbákejì kan tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ fi wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa níbí sì gba àbájáde ìwádìí ìjàǹbá ọdún 2000 jáde, kí wọ́n fi Yorùbá kà á sókè ní ìpàdé, láti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sínú òkun yẹn lè mọ ohun tó pa á.